Irin Tó Wà Nítan Mi

Oṣù mẹ́jọ ni adìyẹ fi sùn lórí kẹ̀kẹ́ mi.
Àkùkọ gba ọwọ́ rẹ̀, ó fi ṣe àga ìdájọ́,
Títíọpẹ́ ń sá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ sórí ìjókòó,
ìpẹtà sì ń jẹ ṣéènì bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná,
díẹ̀díẹ̀, láti etí.

Èmi náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìdí-Àbà.
Dókítà gbé àwòrán itan mi sójú iná:
irin gbọọrọ kan, nọ́ọ̀tì mẹ́rin.
"Bàbá, ẹ wò ó, ó dúró bí òpó ilé."
Mo wò ó. Sípóòkì ni mo rántí.

Kí n má purọ́, òkè gígùn kọ́ ló ṣẹ́ mi.
Ìsọ̀kalẹ̀ ni.
Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkò, nínú àkọ́rọ̀ òjò,
bíréèkì dákẹ́ lójijì
bí ọmọ tí a bi pé ta ló jẹ ẹran.
Ọ̀kadà ń bọ̀ lọ́tùn-ún, àpáta wà lósì.
Mo yan àpáta.
Abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun;
èmi, ẹ̀gbẹ́ òkúta ni mo sùn sí,
ẹsẹ̀ mi kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí.

Ìyáàfin Ẹgúnjọbí ló tún mi kọ́.
Ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò ní kíláàsì kejì
ló ń kà á fún mi báyìí: ẹ ká a, ẹ nà án,
"Tíṣà, ẹ ò tíì ṣe ẹ̀kẹta."
Mo ṣe ẹ̀kẹta. Omijé ṣe ẹ̀kẹrin.
Irin ló wà nínú mi, ìrìn ni mò ń wá;
àmì ohùn méjì péré ló là wọ́n láàárín,
oṣù mẹ́jọ ni mo fi fi wọ́n sí i.

Láàárọ̀ àná, kí Adérónpẹ́ tó jí,
mo lé adìyẹ, mo fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ pa ṣéènì lára.
Ṣóbọ̀wálé fókánáísà ti bá mi pààrọ̀ túúbù ní bòókẹ́lẹ́.
Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kí ó kọjá.
Kò kọjá.
Mo tẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ bí ràkúnmí tó kúnlẹ̀,
mo bọ́ sáàárín rẹ̀, mo fà á dìde mọ́ra.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́,
orúnkún mi ké bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́.
Ìgbà kejì, kẹ̀kẹ́ fẹ́ yà sí gọ́tà, mo bá a wí.
Ìgbà kẹta, n kò kà á mọ́.
Páànù ìlú tò lọ títí dé odò,
gbogbo wọn ti dípẹtà,
wọn ò tìtorí ẹ̀ kọ òjò.
Ọmọ oníbúrẹ́dì kan fẹsẹ̀ rìn kọjá mi,
ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìgbádùn o."

Mo gun òkè. Ẹ gbọ́, mo gùn ún.
Ó dáa, mo gun ìdajì, mo ti kẹ̀kẹ́ dé òkè pátápátá.
Ibẹ̀ ni mo ti rí àpáta mi nísàlẹ̀,
ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ lé e bí onílé.
Ọwọ́ mi méjèèjì fún bíréèkì pọ̀,
kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan.
Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí okùn, a sá.
N kò sá. N kò sì gùn ún sọ̀.
Mo bọ́ sílẹ̀, mo dì í lọ́rùn mú,
àwa méjèèjì rọra ń sọ̀ kalẹ̀
bí àgbà méjì tó ti ìpàdé ẹbí bọ̀.
Mo kí àpáta. Kò dáhùn. A ò jà.

Nígbà tí mo délé, Adérónpẹ́ ń fẹ́ná.
"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"
"Mo lọ wo ojú ọjọ́."
Ó wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi:
ṣéènì ti gé e jẹ, eyín gíríìsì mẹ́sàn-án, dúdú minimini.
Kò wí nǹkan kan. Ó gba ṣòkòtò, ó rẹ ẹ́ sómi ọṣẹ.

Láàárọ̀ yìí, mo bá a lórí àga, ó ti mọ́,
pẹ́ẹ̀gì aṣọ kan wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀,
ó há a pọ̀ dáadáa,
kí ṣéènì má baà rí i jẹ.